Òrùka Kírísítálì Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣọlágbadé

Kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kankan, ẹ jẹ́ kí n kí baba náà bó ṣe fẹ́ kí wọ́n máa kí òun: Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà, Dókítà, Ẹnjiníà, Olóyè Adébọ̀wálé Ṣọlágbadé, Ojú Tí Ń Wo Inú Ara, Baba Ìwádìí Ilẹ̀ Ọ̀tọ̀-Àwórì àti Agbègbè Rẹ̀. Bí ẹ bá fo ọ̀kan níbẹ̀, á ní kí ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Èmi ni mo ń tẹ orúkọ yẹn. Mùsítúrà ni mí, akọ̀wé ẹ̀ láti ọdún méje sẹ́yìn. Ìlà mẹ́ta ni orúkọ náà máa ń gbà lórí ìwé kí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá di ọjọ́ Ajé, ó lè gbé oyè tuntun dé, kí n tún máa wá àyè tí mo máa kó o sí. Ẹ má sì bínú pé mò ń pe àgbàlagbà ní "ó". "Wọn" ni mo máa ń lò fún un tẹ́lẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ bó ṣe sọ ọ́ nù.

Ilé Ìwádìí Ọ̀pá-Ìmọ̀ ni wọ́n ń pe ibi iṣẹ́ wa. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, ní Igbó-Elérin, ó kọjú sí títì tó lọ sí Badagry. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ẹja dídì, òórùn ẹja ló sì máa ń kọ́kọ́ kí àlejò wa káàbọ̀. Àmọ́ ẹ wo pátákó tó wà lókè. Àwòrán Ọ̀jọ̀gbọ́n gba ìdajì ẹ̀, ó gbé maikirosíkóòpù mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Orúkọ ẹ̀ gba ìdajì tó kù. Orúkọ ilé ìwádìí ò ráyè mọ́, ẹ̀yìn pátákó ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Iṣẹ́ tí à ń ṣe níbẹ̀ kò le bí ẹnì kan bá fara balẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀. Fọláyẹmí ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, torí Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í ṣàlàyé, ìkéde ló máa ń ṣe. Fọláyẹmí, ọmọ Ìbà, ń kàwé fún oyè kejì lọ́dọ̀ wa. Ó ní àwọn purotéènì ló ń ṣiṣẹ́ ilé nínú ara èèyàn. Okùn gígùn ni wọ́n, wọ́n á sì ká ara wọn jọ. Nígbà mìíràn, apá kan lára okùn náà máa ń ká jọ lọ́tọ̀, á sì ní iṣẹ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀, bí ilé ìdáná ṣe wà lọ́tọ̀ nínú ilé. Apá kan báyẹn ni à ń wá. Inú kíndìnrín ló wà, iṣẹ́ ẹ̀ sì ni láti máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí iyọ̀ ń gbà jáde.

Bó ṣe rí gan-an, ẹnikẹ́ni ò tíì rí i, torí ó kéré ju ohun tí maikirosíkóòpù lè gbé. Ọ̀nà tó wà ni pé kí èèyàn fọ̀ ọ́ mọ́, kó kán an sínú omi tó yẹ ẹ́, kó wá fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́ títí àìmọye wọn á fi tò bí àwọn tó ń kírun ní yídì. Bí wọ́n bá tò tán, wọ́n di kírísítálì nìyẹn. Iná ńlá kan wà lókè òkun tí wọ́n máa ń gbé e lọ síwájú ẹ̀, iná náà á gba inú ẹ̀ kọjá, á sì fi bó ṣe rí hàn. Mo bi Fọláyẹmí bí kírísítálì náà ṣe máa ń tóbi tó. Ó ní hóró iyanrìn tóbi jù ú lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìyá Fọláyẹmí ń lọ fọ kíndìnrín lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Nítorí ìyá yẹn ló ṣe dìídì mú apá purotéènì yìí, kì í ṣe nítorí oyè. Àjọ kan lókè òkun tó ń ràn wá lọ́wọ́ wá kọ̀wé pé àwọn ní àyè ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe kírísítálì náà làwọn máa mú lọ síbi iná ńlá yẹn, á sì dúró ní ọdún mẹ́ta láti kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì. Dókítà Adéṣẹwà, obìnrin ọmọ Yorùbá tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, ló máa fojú ara ẹ̀ wá wò ó. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa ṣe é, kò sí ti ẹ̀ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn dé ni Fọláyẹmí ò ti fi bẹ́ẹ̀ sùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ò sùn. Òun náà fẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ omi síbí, torí omi ló fa gbogbo ẹ̀. Ẹ mọ omi àdúgbò wa. Ọ̀sà ò jìnnà, iyọ̀ sì ti wọ kànga. Ọṣẹ ò hó nínú ẹ̀, ẹ̀wà ò rọ̀ nínú ẹ̀, kẹ́tùlù tí ẹ bá fi sè é á ti hu funfun nínú kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Láti Igbó-Elérin dé Okokomaiko, ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ pé omi tí mẹ́rúwà ń fi ọmọlanke tà là ń mu, omi kànga là fi ń fọ ilẹ̀. Nítorí ẹ̀ ni àjọ náà ṣe fún wa ní ẹ̀rọ tó ń se omi, tó ń gba ooru ẹ̀ mú, tí omi náà á jáde láìsí ohunkóhun nínú ẹ̀. Omi yẹn nìkan la gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́.

Àmọ́ àwa nìkan kọ́ ló ń wá irú omi bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ta bátìrì ínfátà tó ń tọ́jú iná pa mọ́ ní Alábà ń wá a lójú méjèèjì, omi bátìrì ni wọ́n ń pè é. Ojú Tí Ń Wo Inú Ara rí èyí kíá. Kò pẹ́ tó fi di pé gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ló ń kó kẹ́ẹ̀gì sẹ́yìn mọ́tò, tó ní òun ń gbé àpẹẹrẹ lọ fún àyẹ̀wò. Bó bá dé, á mú àwọn ìgò láàbù tó ti ṣófo, á gbọ̀nà ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, á sì pọn wọ́n kún nídìí ẹ̀rọ omi ẹlẹ́ja ìsàlẹ̀, tó ń fa omi oníyọ̀ kan náà.

Olè mìíràn á fi orúkọ ara ẹ̀ pa mọ́. Tiwa ní kí n tẹ lébẹ́ẹ̀lì. Ó ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà: OMI MÍMỌ́ GAARA, ỌWỌ́ Ọ̀JỌ̀GBỌ́N ÀGBÀ ṢỌLÁGBADÉ LÓ SÈ É. Mo bi í pé kí la fẹ́ fi ṣe, ó ní ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ni. Ọkùnrin náà lè ta omi olómi, àmọ́ kò lè fara da kí ẹni tó ń rà á má mọ orúkọ ẹ̀.

Fọláyẹmí ló kọ́kọ́ fura. Bí omi láàbù bá gbẹ lórí dígí, ó máa ń fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀. Ó lọ sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n, Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọwọ́ ẹ̀ ló dọ̀tí. Ọmọ náà ò jiyàn. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Alábà, ó ra kẹ́ẹ̀gì omi bátìrì kan lọ́wọ́ Mọ́rúfù tó ń ta ínfátà, ó gbé e dé, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì mi. Ni mo bá rí lébẹ́ẹ̀lì tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀.

Fọláyẹmí rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀. Nígbà tó ṣe, ẹ̀rín náà tán, omi ojú yẹn ò tán. "Àńtí Mùsí," ló wí, "mo ra omi wa lọ́wọ́ wa." Mo ní kó dákẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló máa bu ọwọ́ lu ìwé ẹ̀, òun náà ló ń bu ọwọ́ lu owó oṣù mi. Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, àmọ́ èmi ò fẹ́ tan yín: ìbẹ̀rù ló pa mí lẹ́nu mọ́, kì í ṣe àgbà. Ojú ń tì mí títí dòní.

Omi tó ń rà ní Alábà yẹn ni Fọláyẹmí fi ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kan ó pè mí wá wo inú maikirosíkóòpù. Mo rí àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan, wọ́n kéré, wọn ò dán, wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ìdọ̀tí inú oúnjẹ. Ó ní kírísítálì nìyẹn. Mo kí i kú oríire, mo gbìyànjú kí ojú mi má sọ òótọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà wò ó. "Ohun tí mo máa gbé jáde fún aráyé nìyí?" ló wí. "Èèyàn ńlá bíi tèmi, kírísítálì bí ìpin ojú." Ó kó ìyókù purotéènì tí ọmọ náà ti fọ̀ kalẹ̀, ó dà á sínú abọ́ dígí kan, ó da omi láàbù lé e lórí, ó tún fi oògùn tó ń mú purotéènì tò sí i ní ìlọ́po mẹ́ta torí pé ohun kékeré ò yẹ ẹ́, ó sì gbé e sójú fèrèsé ọ́fíìsì ẹ̀ níbi tí oòrùn ti ń wọlé.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta, kírísítálì yọ. Ọ̀kan tóbi tó hóró ẹ̀wà, ó nígun mẹ́rin, ó ń dán gbinrin. Àwọn kéékèèké mìíràn yí i ká. Ariwo tí Ọ̀jọ̀gbọ́n pa lọ́jọ́ yẹn, ẹlẹ́ja sáré gòkè pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó rò pé olè dé ni. Fọláyẹmí rọra sọ pé kírísítálì purotéènì kì í tóbi tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun dán an wò bóyá iyọ̀ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlara ló ń dà á láàmú. Ó sọ ọ́ ní Ẹ̀yà Ṣọlágbadé lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí n pa orúkọ Fọláyẹmí rẹ́ lórí fọ́ọ̀mù àjọ náà, kí n tẹ tòun sí i, kí Fọláyẹmí lọ da ìdọ̀tí ẹ̀ nù, kó sì wá bá wọn gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́jọ́ ayẹyẹ.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ìlà mẹ́ta. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni Fọláyẹmí gbé àwo kékeré tí kírísítálì ẹ̀ wà nínú ẹ̀ wá bá mi. Mo ṣí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù mi, mo kó àwọn fáìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gbé e síbẹ̀, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Bí ọkùnrin náà bá mọ níwọ̀n, bóyá á ti rù ú là. Àmọ́ ó mú ọ̀kan nínú àwọn kírísítálì kéékèèké lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà ní Okokomaiko, ó ní kó fi ṣe ojú òrùka fún òun. Bó bá bọ èèyàn lọ́wọ́, á gbé òrùka náà sókè. "Inú èèyàn lò ń wò yẹn," á wí. Lọ́jọ́ kejì tó wọ̀ ọ́, ó fọ ọwọ́ láti jẹ ẹ̀bà, kírísítálì náà sì rù di ìdajì. Ó ní ara èèyàn ni, pé kò sí ara tí kì í rù bí a bá lò ó. Ó lọ fi tuntun sí i, àtọjọ́ náà ló ti ń fi fọ́ọ̀kì jẹ ẹ̀bà.

Nígbà tí ọjọ́ tí Dókítà Adéṣẹwà máa wá pé, wọ́n ta kánópì síwájú ilé. Ọ̀jọ̀gbọ́n so maikirosíkóòpù mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá kí gbogbo ayé lè rí Ẹ̀yà Ṣọlágbadé. Kí iná má baà dójú tì í, ó pe Mọ́rúfù oníbàárà ẹ̀ wá láti Alábà kó wá gbé ínfátà kalẹ̀. Ó tún ra àgbò kan ní Alábà Rago, àgbò funfun tí ìwo ẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n máa pa lẹ́yìn ìkéde. Taofeek tó ń tà á ló fà á wá fúnra ẹ̀, wọ́n ti so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn.

Dókítà Adéṣẹwà dé pẹ̀lú bàtà kánfáàsì, ó gbé báàgì ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n rò pé ọ̀kan nínú àwọn olóúnjẹ ni, ó ní kó gba ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n sọ ẹni tó jẹ́ fún un, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì gbé ọwọ́ òrùka sókè kó má kan ilẹ̀ tútù.

Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Ó ní òun sùn ti kírísítálì yìí, òun jí tì í, òun gbààwẹ̀ lé e lórí. Fọláyẹmí ń gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò kiri, ojú ẹ̀ ò kúrò lára abọ́ dígí orí tábìlì. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí aṣọ lórí abọ́, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Dókítà Adéṣẹwà tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́. Ó wá rọra bèèrè bóyá wọ́n ti kán aró sí i. Ó ṣàlàyé fún gbogbo wa pé purotéènì máa ń mu aró, kírísítálì ẹ̀ á di aláwọ̀ aró látòkè délẹ̀. Iyọ̀ kì í mu ún, funfun ló máa wà.

"Ẹ ò lè da aró sí èèyàn lára ní Igbó-Elérin," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Àwọn ará àdúgbò tún pàtẹ́wọ́, torí ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Dókítà Adéṣẹwà mi orí, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé ẹ̀. Mo rí i tí Fọláyẹmí gbé tíréè ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀.

Ká ní Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Àmọ́ fọ́tò kù. Ó fẹ́ kí wọ́n ya òun pẹ̀lú àgbò, kí òun gbé ọwọ́ òrùka lé e lórí bí ọba tó fẹ́ súre. Taofeek fa àgbò náà wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Àgbò náà gbé imú sókè, ó gbóòórùn ọwọ́ yẹn, ó sì na ahọ́n.

Ó lá a lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró bí ẹni tó ń ronú. Ó tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í lá a tìtaratìtara. Ọ̀jọ̀gbọ́n fa ọwọ́ sẹ́yìn, àgbò tẹ̀lé ọwọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ọwọ́ sókè, àgbò fẹsẹ̀ méjì dìde dúró, ó fi àwọn yòókù lé èjìká Baba Ìwádìí, ó sì ń lá a lọ. Ayàwòrán ò dáwọ́ dúró. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi máa rí ọwọ́ ẹ̀ gbà, ihò lásán ló kù lójú òrùka.

Àgbò náà yíjú, ó rí abọ́ orí tábìlì. Okùn já lọ́wọ́ Taofeek. Gbogbo wa la gbọ́ bí eyín ẹ̀ ṣe ń fọ́ Ẹ̀yà Ṣọlágbadé wómúwómú, torí ó ti ki imú bọ ìdí gbohùngbohùn.

"Ó ń jẹ èèyàn," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń pariwo. "Ẹ gbà mí o, purotéènì ni, àgbò yín ń jẹ ẹran ara èèyàn."

"Àgbò kì í jẹ ẹran, Prọ́ọ̀fù," ni Taofeek wí, ohùn ẹ̀ tutù, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé. "Iyọ̀ lẹ gbé síwájú ẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ló ti bọ̀, ó ti pẹ́ tó rí iyọ̀ lá. Ní Rago, iyọ̀ là ń so mọ́ igi fún wọn." Ó wá ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n má bínú, pé bí ó bá ṣẹ́ kù, kó jẹ́ kó lá a tán, kó lè fara balẹ̀.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n gba gbohùngbohùn, ó nu itọ́ àgbò lára ẹ̀. Dókítà Adéṣẹwà bi í níbi tí iyọ̀ ti lè wọ inú ẹ̀. Ibi tó yẹ kó dákẹ́ sí rèé, àmọ́ ọkùnrin náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ó búra pé iyọ̀ kankan ò lè sí níbẹ̀, pé omi tí òun fọwọ́ ara òun sè ni òun lò, kò sì sí irú omi yẹn ní gbogbo Èkó.

Mọ́rúfù dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfátà. Inú ẹ̀ ń dùn, ó fẹ́ gbe oníbàárà ẹ̀ lẹ́sẹ̀. "Òótọ́ lọ̀rọ̀ Prọ́ọ̀fù," ló wí. "Oṣù kọkànlá rèé tí mo ti ń ra omi yẹn lọ́wọ́ wọn. Bátìrì tó bá mu ún kì í hu funfun. Gbogbo ìsọ̀ wa ní Alábà, omi Prọ́ọ̀fù là ń lò." Ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì kan sókè kí gbogbo èèyàn ka lébẹ́ẹ̀lì ara ẹ̀. Orúkọ náà tóbi, ẹni tó wà lódìkejì títì lè kà á.

Dókítà Adéṣẹwà wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Bí omi tẹ́ ẹ sè bá wà ní Alábà, sà, omi wo lẹ wá lò níbí?"

Mo gbọ́ ohùn kan tó dáhùn, mo sì yíjú kí n wo ẹni tó ni ín. Ohùn mi ni. "Omi ẹ̀rọ ẹlẹ́ja ni," ni mo wí. "Ọjọ́ Ẹtì, Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń pọn ọ́n. Èmi ni mo tẹ lébẹ́ẹ̀lì, kí Ọlọ́run dárí jì mí." Bó ṣe já lẹ́nu mi báyìí, àyà mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ látọdún tó kọjá.

Ká ní ìlú mìíràn ni, wọ́n á ní kí n ṣàlàyé. Ní Igbó-Elérin, ẹni tí kò mọ omi yẹn ò sí. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú dìde, ó ní òun fi omi yẹn se ẹ̀wà lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, ilẹ̀ ṣú kò rọ̀, ẹnì kan wá ń fi ṣe kíndìnrín. Ẹ̀rín tó bẹ́ sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé kánópì.

Dókítà Adéṣẹwà ò rẹ́rìn-ín. Ó ń di báàgì ẹ̀. Ó ní ó dun òun pé òun máa padà lọ́wọ́ òfo. Mo rí ojú Fọláyẹmí nígbà náà, mi ò sì dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo sáré gòkè, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù mi, mo gbé àwo náà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ẹyin.

Fọláyẹmí fúnra ẹ̀ ló kán aró sí i, ó sì gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù. Aró kì í yára wọlé. A dúró, a jẹ ìrẹsì àti ẹja dídín, torí àgbò ti di ẹlẹ́rìí, ẹnikẹ́ni ò lè pa á mọ́. Bí a ṣe ń jẹun la ń wo tẹlifíṣọ̀n. Àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n pè ní ìpin ojú bẹ̀rẹ̀ sí í mu aró díẹ̀díẹ̀, wọ́n di aláwọ̀ aró láti etí dé etí, bí omi tó yí wọn ká ṣe ń mọ́ sí i. Mi ò mọ ohun tí mo ń wò, àmọ́ omijé bọ́ lójú mi.

"Ta ló ṣe èyí?" ni Dókítà Adéṣẹwà bèèrè.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde. Ó ti na ìka sókè, ó ti ya ẹnu láti sọ pé òun ni. Àgbò rí ìka náà. Ó tún gbéra. Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó padà kíákíá, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan.

"Èmi ni, mà," ni Fọláyẹmí wí. Dókítà Adéṣẹwà bi í pé omi wo ló lò. Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Omi Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, mà. Mo rà á ní Alábà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kánópì jáde, ó forí lé ọ̀nà Ìbà, àgbò sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù lọ́rùn, torí iyọ̀ díẹ̀ ṣì wà lára ìka ẹ̀. Taofeek ní òun ò gba àgbò padà, wọ́n ti san owó ẹ̀. Ẹlẹ́ja ló lọ fà á dé, ó so ó mọ́ ìdí ẹ̀rọ omi ẹ̀, ó ní òun ti rí ẹni tó máa ṣọ́ ọ. Gbogbo àdúgbò fún àgbò náà ní oyè. Dókítà ni wọ́n ń pè é, torí òun nìkan ló ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ yẹn láìgba ẹ̀bẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mò ń tẹ fọ́ọ̀mù tí Fọláyẹmí fi máa lọ síbi iná ńlá náà lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá mi gba ẹ̀yìn wọlé. Kò jókòó. Ó ní kí n bá òun tẹ lẹ́tà kan, òun ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun fẹ́ lọ sinmi. Ẹnì kan pariwo "Dókítà" nísàlẹ̀. Ó ti fẹ́ dá a lóhùn, àgbò dáhùn ṣáájú ẹ̀.

Mo tẹ déètì, mo tẹ àdírẹ́sì, mo wá gbójú sókè. Mo bi í pé oyè wo ni ká fi síwájú, sà. Ó wo òrùka ọwọ́ ẹ̀, ihò ṣì wà láàárín ẹ̀.

"Orúkọ mi nìkan," ló wí.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ìlà kan ló gbà, àyè sì ṣẹ́ kù.